Châteauneuf-du-Pape pupa: àjàrà wo ló wà nínú rẹ̀, oúnjẹ wo ló sì bá a mu?

Onígò_Méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí ẹ mọ wáìnì Faransé. Ìgò Châteauneuf-du-Pape pupa méjì ló wà níwájú mi, mo sì fẹ́ lóye wọn kí n tó gbé wọn síwájú àlejò. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún 2021: agbára ọtí tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ 14%, ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní oríṣi àjàrà mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti 2019: 15.5%, Grenache nìkan ni wọ́n dárúkọ, owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orúkọ kan náà ló wà lára méjèèjì. Báwo ló ṣe jẹ́?

Àjàrà wo gan-an ló ń jẹ́ Châteauneuf-du-Pape? Kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Mo ṣí ìgò kan tó jọ èkejì yìí nínú yàrá tó wà ní dígíríì 24, òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú bí ògógóró, ó sì ń gbóná lọ́nà ọ̀fun. Ṣé ọtí náà ti bàjẹ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gbé kalẹ̀? Èèyàn mẹ́jọ ni mo ń retí, itan àgùntàn sísun ni mo sì ní lọ́kàn. Ṣé ó bá a mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kúlẹ̀kúlẹ̀ dù mí.

Ọmọ_Etí_Rhône

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí mẹ́tàlá yẹn, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Òfin gbà kí ẹni tó ń ṣe ọtí yìí lo oríṣi àjàrà mẹ́tàlá. Kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ lo gbogbo wọn, kò sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́. Château Rayas, ilé ọtí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀, Grenache nìkan ló fi ń ṣe pupa tirẹ̀. Château de Beaucastel ní Courthézon gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, Mourvèdre sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó Grenache nínú ọtí rẹ̀. Méjèèjì ló ń jẹ́ Châteauneuf-du-Pape, kò sí èyí tó rú òfin. Ìgò yín méjèèjì náà ò purọ́.

Àwọn mẹ́tàlá náà ni Grenache, Syrah, Mourvèdre, Cinsault, Counoise, Vaccarèse, Muscardin, Terret noir, Picpoul, Clairette, Bourboulenc, Roussanne àti Picardan. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti kọ méjìdínlógún, ẹ má ṣe yà á sí irọ́. Àwọn kan nínú wọn ní dúdú, wọ́n ní funfun, wọ́n tún ní èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìwé òfin òde òní sì ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Wọ́n lè po àjàrà funfun mọ́ dúdú nínú ọtí pupa yìí, kò sí àìtọ́ kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, Grenache ni olórí ilé. Ó gba ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ ọgbà lọ. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan tó ti pọ́n, omi rẹ̀ á tú jáde kí ẹ tó fún un gan-an, àwọ̀ tó máa kù sí yín lọ́wọ́ ò sì ní pọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹyọ Syrah, ìka yín á dúdú bíi ti aláró. Ìyàtọ̀ yìí náà lẹ máa rí nínú gíláàsì: Grenache nìkan á mọ́lẹ̀, ẹ lè rí ojú ìka yín ní òdìkejì rẹ̀, èyí tí wọ́n fi Syrah àti Mourvèdre sí á ṣókùnkùn. Nítorí náà, ẹ má fi àwọ̀ díwọ̀n bí ọtí yìí ṣe dára tó. Àwọn kan lára àwọn tó dára jù níbẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an.

Grenache ló ń mú adùn wá, ìyẹn èso pupa tó ti gbó dáadáa, ewé olóòórùn bíi táìmù, àti ọtí tó le. Syrah ń fún un ní àwọ̀ àti òórùn ata dúdú. Mourvèdre ń fún un ní egungun: òun ló ń mú ẹnu gbẹ, òun ló sì ń jẹ́ kí ìgò lè pẹ́ láìbàjẹ́, torí kì í tètè bá atẹ́gùn bàjẹ́ bíi Grenache. Ó máa ń pẹ́ gbó, ó sì fẹ́ ilẹ̀ tó lómi nísàlẹ̀ àti oòrùn lókè. Cinsault àti Counoise ń jẹ́ kí ọtí fúyẹ́, kó tu ẹnu lára. Àwọn tó kù, bí wọ́n bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, díẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni.

Ní ti ibi tó ti wá: gúúsù Faransé ni, ní Vaucluse, láàárín Orange àti Avignon, ní apá ìlà-oòrùn odò Rhône. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 3,200 hẹ́kítà, ìlú márùn-ún ló sì pín in: Châteauneuf-du-Pape fúnra rẹ̀, Bédarrides, Courthézon, Orange àti Sorgues. Ọ̀dọ̀ àwọn Póòpù tó gbé ní Avignon láti 1309 ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Póòpù John XXII ló kọ́ ilé olódi sórí òkè ìlú náà. Ilé ọ̀hún ò dúró pé mọ́. Ní 1944 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì fi àdó olóró ya ilé ìṣọ́ rẹ̀, ìdajì péré ló ṣẹ́kù. Ìlú náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ orúkọ yìí: Châteauneuf-Calcernier ló ń jẹ́ títí di 1893, nítorí àwọn tó ń sun òkúta ẹfun níbẹ̀.

Ẹ ó máa gbọ́ nípa òkúta. Lórí òkè pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní La Crau, òkúta róbótó tó tó ìkúùkù, tó tó orí ọmọ kékeré nígbà míì, ló bo ilẹ̀ débi pé ẹ ò ní rí iyẹ̀pẹ̀ rárá. Odò ló gbé wọn wá láti òkè Alps láyé àtijọ́. Wọ́n ń mu ooru oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n ń tú u sílẹ̀ lóru. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ tó ni amọ̀ pupa tó wà lábẹ́ wọn. Amọ̀ yẹn ló ń tọ́jú omi. Láìsí i, igi àjàrà ì bá kú lójú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù keje àti ìkẹjọ. Gbogbo ilẹ̀ náà kọ́ ló sì ní òkúta: Rayas wà lórí iyanrìn, ibòmíràn jẹ́ òkúta ẹfun wẹ́wẹ́. Ti iyanrìn máa ń fúyẹ́ lẹ́nu, òórùn rẹ̀ sì máa ń tinrín. Ti òkúta orí amọ̀ máa ń wúwo.

Ẹ̀fúùfù mistral ń fẹ́ láti àríwá. Ó le débi pé ó lè ṣẹ́ ẹ̀ka, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé Grenache kúkúrú bí igbó kékeré tó dá dúró láìfi okùn wáyà gbé e. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń gbẹ ìrì kúrò lára èso, kò jẹ́ kí ó tètè rà. Ọdún tí òjò bá pọ̀ nígbà ìrúwé, ẹ̀fúùfù náà ò lè gba gbogbo rẹ̀ là: ní 2018, àrùn mildew bá Grenache jà gidigidi.

Òfin wọn le. Baron Pierre Le Roy de Boiseaumarié ti Château Fortia, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, ló léwájú wọn láti kọ ìlànà sílẹ̀ ní 1923. Ilẹ̀ tí lafẹ́ńdà àti táìmù bá ti lè hù ni wọ́n kà kún ilẹ̀ ọtí yìí. Ní 1936, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ìjọba Faransé fún ní AOC, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo orúkọ ibi tí ọtí ti wá. Títí di òní, ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kórè, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣa èyí tí kò dára kúrò, hẹ́kítà kan ò gbọ́dọ̀ mú ju 3,500 lítà wá (ìyẹn ìgò bíi 4,600), wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣúgà kún un, agbára ọtí rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 12.5% lọ.

Èyí ló gbé wa dé orí ìbéèrè yín nípa bó ṣe le. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà inú omi àjàrà, ó ń sọ ọ́ di ọtí. Ṣúgà bíi gíráàmù 17 nínú lítà kan ló ń di 1%. Kí ọtí tó dé 15%, àjàrà ní láti ní gíráàmù bíi 255 nínú lítà. Grenache máa ń dé ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ṣúgà rẹ̀ máa ń gòkè kí èèpo àti kóró rẹ̀ tó gbó. Bí wọ́n bá tètè ká a, ọtí á korò bí ewé tútù. Bí wọ́n bá dúró dè é, agbára á ròkè. Ọdún 2019 gbóná gan-an. Ní 2021, òtútù dì lóṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ò sì mú púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí 14% àti 15.5% fi wà lára ìgò yín, kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ayédèrú.

Àgbá_Ńlá

Ọmọ_Etí_Rhône ti sọ ti oko, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé ìpọntí àti ti gíláàsì.

Ọtí yín ò bàjẹ́. Dígíríì 24 ló bà á jẹ́ lẹ́nu yín. Wáìnì tó bá ní 15% tó sì gbóná, ọtí inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gòkè wá sí imú, á bo òórùn èso mọ́lẹ̀. Dígíríì 16 sí 17 ni kí ẹ fi gbé e wá. Láti 24, ẹ gbé ìgò sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 40 sí 50, tàbí kí ẹ ri í bọ inú omi tí yìnyín wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tó bá tutù jù, tó lọ sí 12, ẹnu á fún, ó máa dà bíi pé ó korò. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di gíláàsì mú, á padà bọ̀ sípò. Ẹ má bu gíláàsì kún. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tó, torí inú yàrá ló máa tún ti gbóná sí i.

Àwọn ìwé kan á ní kí ẹ fi í sí «ìwọ̀n yàrá». Yàrá tí wọ́n ń sọ ni yàrá òkúta àwọn ará Yúróòpù kí ẹ̀rọ amúlé-gbóná tó dé. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lónìí.

Ní ti kí ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì kí ó mí, ọ̀rọ̀ àjàrà tó wà nínú rẹ̀ ni. Ti 2021 yẹn, bí Mourvèdre bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè kọ́kọ́ gbé òórùn ìṣáná tàbí ti awọ wá. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú. Ti Grenache nìkan, mi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀: atẹ́gùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí i ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ dà á tààrà sí gíláàsì. Tó bá jẹ́ ìgò tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ gbé e nàró ní ọjọ́ kan gbáko ṣáájú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sùn sí ìdí. Ẹ rọra dà á láìdúró, kí ẹ sì tan iná sẹ́yìn ọrùn ìgò. Tí ẹ bá ti rí okùn dúdú kan tó ń rìn bọ̀ lọ́rùn ìgò, ẹ dáwọ́ dúró.

Atẹ́gùn yìí kan náà ni ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú Grenache sínú táńkì kọnkéré tàbí àgbá onígi ńláńlá tó ti pẹ́. Àgbá kékeré tuntun, tó ń gba lítà 225 bíi ti Bordeaux, máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé jù, òórùn igi á sì bo ewé olóòórùn tó jẹ́ ọlá ọtí yìí. Syrah àti Mourvèdre lè fara da àgbá kékeré. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tí òórùn fànílà àti kọfí ló kọ́kọ́ pàdé yín, ẹni tó ṣe é ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ kíyè sí adùn ṣúgà náà. Bí agbára bá ti ń sún mọ́ 15.5 tàbí 16, ìwúkàrà lè rẹ̀ kó tó jẹ ṣúgà tán, gíráàmù mélòó kan á ṣẹ́kù nínú lítà. Ife àkọ́kọ́ á dùn mọ́ yín, ẹ̀kẹta á sú yín.

Nípa owó: oko tí igi rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í so púpọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wọ́n. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé ara ìgò. Bí ẹ bá rí «mis en bouteille au domaine» tàbí «au château», ẹni tó gbin àjàrà náà ló dà á sí ìgò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé oníṣòwò ló ra ọtí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó pò ó pọ̀. Àwọn oníṣòwò gidi wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn ìgò olówó pọ́ọ́kú tí kò ní láárí ti ń wá. «Vieilles vignes», tó túmọ̀ sí igi àgbà, kò ní ìtumọ̀ kankan lábẹ́ òfin, ẹ má tìtorí rẹ̀ nìkan sanwó.

Ìyá_Alásè

Ẹ kú àlejò lọ́nà o. Itan àgùntàn dára, àmọ́ bí ẹ bá ṣe sè é ló máa pinnu. Ọtí yìí fẹ́ ọ̀rá, ó fẹ́ aáyù, ó fẹ́ ewé olóòórùn. Kò fẹ́ ẹran gbígbẹ. Ohun tó ń mú ẹnu gbẹ nínú wáìnì máa ń di mọ́ ẹran tútù tó ní omi àti ọ̀rá, ẹnu á wá rọ̀. Bí ẹran bá ti gbẹ, kò sí ohun tí yóò dì mọ́, ìgbẹ á di ìlọ́po méjì.

Fún èèyàn mẹ́jọ, itan kan tó tó kílò 2.5 pẹ̀lú egungun tó. Ẹ gbé e jáde nínú fíríìjì ní wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un níbi méjìlá, ẹ ki ẹ̀là aáyù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi òróró ólífì, iyọ̀, táìmù àti rosemary pa á lára. Iná ààrò 220 fún ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ara rẹ̀ lè pọ́n, lẹ́yìn náà 165 fún nǹkan bíi wákàtí kan. Bí ẹ bá ní irin tí wọ́n fi ń wọn ooru ẹran, 58 sí 60 ní àárín ni kí ẹ ti gbé e jáde, ẹ fi bébà fọ́ìlì bò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá gé e lójú ẹsẹ̀, gbogbo omi rẹ̀ á ṣàn sórí pákó.

Bí àlejò yín bá jẹ́ irú tí kì í jẹ ẹran tó ṣì pọ́n nínú, ẹ má lo itan. Ẹ lo apá. Apá ní ọ̀rá àti iṣan tó máa yọ́. Apá méjì, kílò 2 sí 2.5 lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ìkòkò tó ní ìdérí, iná 150, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, pẹ̀lú gíláàsì wáìnì méjì, àlùbọ́sà mẹ́ta àti orí aáyù kan tí ẹ pín sí méjì. Ṣíbí lẹ máa fi bù ú.

Ohun tí àwọn ará Avignon fúnra wọn ń sè ni daube. Ti Avignon, àgùntàn ni wọ́n fi ń sè é, kì í ṣe màlúù bíi ti ibi tó kù ní Provence. Ẹ gé apá kílò 1.5 sí ègé ńláńlá. Ẹ rẹ ẹ́ sínú wáìnì pupa ìgò kan mọ́jú, pẹ̀lú àlùbọ́sà méjì, kárọ́ọ̀tì méjì, aáyù mẹ́rin, táìmù, ewé bay àti èèpo ọsàn gbígbẹ tó tó ìka kan. Ní ọjọ́ kejì, ẹ nu ẹran gbẹ dáadáa kí ẹ tó dín in, torí ẹran tó tutù á máa hó nínú omi ni, kò ní pọ́n. Ẹ da wáìnì rẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdé e, kí ọtí àìsè inú rẹ̀ lè lọ. Lẹ́yìn náà ẹ dé e, iná kékeré, wákàtí mẹ́ta. Ó máa ń dùn jù ní ọjọ́ kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Châteauneuf-du-Pape se ọbẹ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni òórùn rẹ̀, iná á lé gbogbo rẹ̀ lọ. Côtes du Rhône lásán ni kí ẹ lò, àjàrà wọn bára tan.

Àwọn oúnjẹ míì tó bá a mu: pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n sè sínú ọ̀rá ara rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí wọ́n rẹ sínú wáìnì, olú dúdú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ọjà Carpentras láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Olú yẹn pẹ̀lú ẹyin díndín àti ìgò tó ti tó ọdún méjìlá, oúnjẹ tó pé ni. Wàràkàṣì Banon, ti wàrà ewúrẹ́ tí wọ́n fi ewé chestnut wé, dára bí kò bá tíì rọ̀ jù. Ẹja funfun àti ìsán (oyster) ò bá a mu rárá, irin ni ẹnu á máa ta. Fínígà inú sàláàdì náà á mú kí wáìnì dà bí omi, ẹ lo òróró àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀.

Onígò_Méjì

Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Bí mo bá fi ata rodo sí àgùntàn náà ńkọ́? Ìkejì, ìgò ti 2021 ní àmì adé àti kọ́kọ́rọ́ méjì tó yọ síta lára gíláàsì rẹ̀, ti 2019 kò ní in. Ṣé ayédèrú ni? Ìkẹta, ìgò mélòó ló tó èèyàn mẹ́jọ?

Ìyá_Alásè

Ata rodo àti 15.5%, rárá. Ọtí líle máa ń tan iná ata ni, kì í pa á. Àlejò á máa mu wáìnì láti fi pa ata, ata á sì máa ta wọ́n sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ adùn èyíkéyìí. Ata dúdú kò ṣe nǹkan, tàtàṣé tó ti jinná dáadáa kò ṣe nǹkan. Bí ó bá jẹ́ dandan kí rodo wà, ẹ sè é lọ́tọ̀ sínú àwo kékeré, ẹni tó bá fẹ́ á bù ú. Àsun tó ta yẹ̀rì ń fẹ́ wáìnì tí agbára rẹ̀ kò ju 12 tàbí 13% lọ, tó tutù, tí kì í mú ẹnu gbẹ. Beaujolais, tí wọ́n fi àjàrà Gamay ṣe, á bá a mu ju èyí lọ.

Ọmọ_Etí_Rhône

Àmì adé Póòpù àti kọ́kọ́rọ́ méjì tó gun ara wọn yẹn ti wà láti 1937. Kì í ṣe dandan. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí ńlá ń lo ìgò tiwọn tàbí ìgò àmì míràn. Ohun tó yẹ kí ẹ wá lára ìwé ni gbólóhùn «Appellation Châteauneuf-du-Pape Contrôlée» tàbí «Protégée», orúkọ ẹni tó dà á sí ìgò àti ìlú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí «rosé» pẹ̀lú orúkọ yìí, ẹ sá: pupa àti funfun nìkan ni òfin mọ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ju ayédèrú lọ ni ooru. Ìgò tó bá ti dúró ní oṣù mẹ́fà lórí àtẹ ilé ìtajà tó gbóná, ní Èkó tàbí níbikíbi, ti jinná nínú. Ẹ wo orí rẹ̀: bí kọ́ọ̀kì bá ti ti ìbòrí sókè, tàbí tí ọtí ti ṣàn wá sí ẹnu ìgò, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́nu, èso rẹ̀ á dà bí jáàmù tó jó. Bí òórùn páálí tó rin bá jáde, kọ́ọ̀kì ló ba ìyẹn jẹ́, kò sí àtúnṣe, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bí owó bá sì wá di ìṣòro, ẹ wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Lirac wà ní òdìkejì odò gan-an, ó ní irú òkúta róbótó yẹn. Gigondas gba orúkọ tirẹ̀ ní 1971, Vacqueyras ní 1990. Grenache ni olórí nínú méjèèjì. Gigondas ló sún mọ́ ọn jù fún agbára, Lirac ló sún mọ́ ọn jù fún òórùn, ojú tèmi nìyẹn.

Àgbá_Ńlá

Ìgò kan jẹ́ mílílítà 750, ó ń fún yín ní gíláàsì mẹ́fà tó jẹ́ 125. Èèyàn mẹ́jọ, gíláàsì méjì méjì, mẹ́rìndínlógún: ìgò mẹ́ta nìyẹn. Ẹ wá ìgò kan sí i tó jọ ti 2021. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, kí ẹ wá gbé 15.5% tẹ̀ lé e nígbà tí ẹran bá ti wà nínú àwo. Bí ẹ bá fi èyí tó le ṣáájú, èyí tó fúyẹ́ á dà bíi pé kò ní nǹkan kan nínú.

Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ àlejò ṣì jìnnà, ẹ fi ìgò sùn sílẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn, dígíríì 12 sí 14, kó má sún mọ́ ààrò. Ti 2019 yẹn lè wà ní ìgbà tó máa ń dijú. Ọ̀pọ̀ Châteauneuf-du-Pape máa ń dùn ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n á wá pa ẹnu mọ́, òórùn wọn á lọ, wọ́n á tún ṣí ní bíi ọdún kẹjọ sí ìkẹwàá. Bó bá dijú lẹ́nu yín, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí nínú gíláàsì kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e padà, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ti Grenache nìkan, ẹ mu ún tán ní ọjọ́ kejì, torí lọ́jọ́ kẹta àwọ̀ rẹ̀ á ti máa lọ sí ti bíríkì, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti èèpo ápù tó ti dúró. Èyí tí Mourvèdre pọ̀ nínú rẹ̀ lè dé ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà míì, ọjọ́ kejì gan-an ló máa ń dùn jù.